Ta Ló Ń Gbọ́ Wa? Lórí Yíyan Irinṣẹ́ tí A Fi Ń Ka Òǹkàwé ní Kétu

Bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Kétu àti Pobẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, bá rí mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ fi ń ka àwọn tó ń wọ orí ìkànnì yín?" Wọ́n fẹ́ kí n dárúkọ irinṣẹ́ kan, kí wọ́n lọ gbé e sórí tiwọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi náà a dá ìbéèrè padà: kí lẹ máa fi iye yẹn ṣe? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn sí ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan irinṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èyíkéyìí tó bá mú yóò máa da nọ́ńbà sílẹ̀ fún un láàárọ̀ lálẹ́, kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó ṣà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa rọrùn láti ṣàlàyé. Ìtàn Kétu ni à ń kọ: ogun Dàhọ̀mì tó pa ìlú yìí run ní 1886, bí àwọn tó ṣẹ́kù ṣe padà wá tún ilé kọ́ lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, oríkì àwọn Alákétu, ẹnubodè Akaba Ìdènà, orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pàtàkì lágbàáyé ní 2001. A ń kọ ọ́ sórí ìkànnì, à ń gbé fídíò sórí YouTube, a sì ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àpò ara wa la ti ń mú owó rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń sọ ìtàn náà fún wa ń dàgbà sí i, àwọn kan ti lọ. Bí a bá fi odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọ̀rọ̀ ìṣirò òǹkàwé yìí sí ọ̀rọ̀ ńlá. Kì í ṣe nítorí ìpolówó. A ò polówó ohunkóhun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Kétu tó wà lókèèrè ń rí wa, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì kan ń kà á dé ìsàlẹ̀.

Orúkọ ìlú wa gan-an ló kọ́kọ́ là mí lójú. A forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀ nínú Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google fi ń sọ fún onílé irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí ojú ewé rẹ̀ tó yọ sí wọn. Ó ń sọ iye ìgbà tó yọ, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Inú àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dùn nígbà tí wọ́n rí i pé Íńdíà wà nínú tábìlì náà, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tí irinṣẹ́ ń gbé jáde. Wọ́n ní òkìkí wa ti kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà kò wá Kétu wa. Ketu tiwọn ni ọ̀kan lára mẹ́sàn-án tí àwọn awòràwọ̀ wọn gbà pé ó ń darí ayé ẹ̀dá, òun àti Rahu, níbi tí ọ̀nà òṣùpá ti ré ọ̀nà oòrùn kọjá. Ẹni tó ń wá kádàrá rẹ̀ ní Mumbai rí orúkọ ìlú Alákétu, ó sì kọjá lọ. Kétu mìíràn tún wà ní Èkó, lẹ́bàá ọjà Máìlì Méjìlá, tí èèyàn púpọ̀ ń tẹ orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Gánà náà ní Ketu tiwọn.

Bí a bá ka gbogbo "ó yọ" wọ̀nyẹn mọ́ tiwa, a ti ń tan ara wa. Iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló yẹ ká wò, ká sì wò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Níbẹ̀ ni Bràsíl ti jáde. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní nação Ketu (orílẹ̀-èdè Kétu, lédè Potogí), ilé òrìṣà kan sì wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Terreiro do Alaketu. Àwọn wọ̀nyí kò tẹ "Ketu" lásán. Orúkọ òrìṣà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn, tàbí "oriki". Wọ́n kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí wa, wọ́n ń wọlé. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó kúrò nílẹ̀ yìí láyé òwò ẹrú ni wọ́n, tí wọ́n ń fi fóònù wá ọ̀nà ilé. Kí ni mo fẹ́ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Íńdíà ṣe níwájú ìyẹn?

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú tábìlì ọ̀rọ̀ yẹn ṣá o. Google kì í fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn díẹ̀ péré tẹ̀ hàn, kí àṣírí ẹni má bàa tú. Nítorí náà, lórí ìkànnì kékeré bíi tiwa, àpapọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó hàn kì í tó iye tó wà lókè. Kò sì sí ẹni tó ń fi àmì ohùn sí ohun tó ń wá. Àwọn tó kàwé ní Faransé ń tẹ "guèlèdè", àwọn ará òdìkejì ibodè ń tẹ "gelede", àwọn tó kọ́ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ àgbà níbí ń tẹ ɛ dípò ẹ. Ìwọ̀n oṣù 16 ni irinṣẹ́ náà ń tọ́jú sẹ́yìn, nítorí náà mo máa ń gbé tábìlì náà sórí kọ̀ǹpútà mi kó tó nù.

Google Analytics, irinṣẹ́ tó ń ka àwọn tó wọ ìkànnì àti ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ni orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Google ra ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Urchin ní 2005, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún yẹn ó gbé Analytics jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ̀ Urchin ni "utm" tí ẹ ń rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì ti ṣẹ̀ wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2023 ni ẹ̀dà àtijọ́ ti dáwọ́ kíkà dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní GA4 ló kù.

Ó yẹ ká yìn wọ́n níbi tí ìyìn ti tọ́. Ẹ̀dà àtijọ́ kò lè mọ iye àsìkò tí èèyàn lò lórí ojú ewé tó kà kẹ́yìn, torí àlàfo tó wà láàárín ojú ewé kan àti èkejì ló fi ń ṣírò. Ẹni tó wá láti Facebook, tó fara balẹ̀ ka oríkì Alákétu látòkè délẹ̀, tó sì lọ, òdo ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀. Wọ́n á tún kà á mọ́ àwọn tó yọjú tí wọ́n sá padà. Bẹ́ẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an la ń kọ̀wé fún! GA4 ń ka àkókò tí ojú ewé fi wà lójú òǹkàwé, ó sì gbà pé ẹni kan fọkàn sí i tó bá lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ, tàbí tó ṣí ojú ewé méjì, tàbí tó ṣe nǹkan kan tí onílé ti sàmì sí pé ó ṣe pàtàkì. Ìyẹn sàn ju ti tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ta ló lè ka ìlà márùn-ún oríkì tó lámì ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó sì yé e? Àmì mìíràn tún wà tó ń sọ pé òǹkàwé ti yí ojú ewé dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára fún ìròyìn kúkúrú. Ní ti àwa, tí a máa ń to àwòrán àti àlàyé àwọn tó sọ ìtàn sí ìsàlẹ̀, ẹni tó ka oríkì náà tán pátápátá lè má dé ibi àmì yẹn. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n fúnra wọn fi àmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí lóòótọ́, kí wọ́n má fi ti ilé iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe ìpinnu. Kóòdù rẹ̀ kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ.

Ẹ sì yí ètò ìpamọ́ rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i. Oṣù méjì péré ni GA4 ń tọ́jú kúlẹ̀kúlẹ̀ tí ẹ lè fi ṣe àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, àyàfi tí ẹ bá gbé e lọ sí 14. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìgbà tirẹ̀ nínú ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ti ọdún yìí wé ti èṣín, oṣù méjì kò lè ràn án lọ́wọ́.

Nǹkan méjì ló mú kí n má gbé GA4 síwájú nínú iṣẹ́ wa. Ti èdè ni èkínní. Tábìlì èdè inú rẹ̀ sọ pé Faransé ni èdè àwọn òǹkàwé wa, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e, Potogí tẹ̀lé ìyẹn. Ó jọ pé kò sí Yorùbá kankan. Òǹkàwé náà ń ka ojú ewé Yorùbá, ó dúró tì í, ó tún ṣí òmíràn, irinṣẹ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ará Faransé, torí èdè tí wọ́n fi ṣètò fóònù rẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń rà ní Kútọnu ló ń sọ Faransé láti inú páálí rẹ̀. Bí ẹnì kan tó fẹ́ fowó ran iṣẹ́ èdè lọ́wọ́ bá wo tábìlì yẹn nìkan, yóò ní kí a lọ máa kọ Faransé, torí òun ni àwọn èèyàn wa ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, mi ò sì fi bò. A lè fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pa èdè tó wà láàyè, láìsí ẹni tó ní in lọ́kàn.

Ibi tí òǹkàwé wà náà kò dá mi lójú. Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fóònù ń fún fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni irinṣẹ́ fi ń mọ ìlú, nítorí náà Kútọnu ló sábà máa ń kọ fún ẹni tó jókòó sí Kétu, tàbí sí Ṣábẹ̀ pàápàá. Àwọn ará Ìlárá lẹ́nu ibodè ń lo síìmù Nàìjíríà nítorí ẹbí àti òwò tó wà ní òdìkejì. Èkó ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Ẹni tó lè rìn dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀kadà ti di ará ìlú Èkó nínú tábìlì.

Èkejì ni ìwúwo. Kóòdù tí GA4 ń gbé sórí fóònù òǹkàwé ń lọ sí bíi 100 KB. Oríkì gígùn kan lórí ìkànnì wa, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, kò tó ìdajì ìyẹn. Ṣé a óò wá máa gba mẹ́gà lọ́wọ́ ìyá tó ń ra dátà ẹyọ-ẹyọ, kí a lè mọ̀ pé ó wá kí wa? Àwọn kan tún ń lo Opera Mini, áàpù tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, láti fi ṣọ́ dátà jẹ. Ìlànà rẹ̀ tó ń fún nǹkan pọ̀ jù lọ máa ń jẹ́ kí server Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, ṣí ojú ewé náà, kó fún un pọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Kóòdù ìṣirò kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa níbẹ̀, àkókò tí ó bá sì kọ sílẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ dátà jẹ yìí ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ará ilé wa jù lọ. Ojú irinṣẹ́ kì í tó wọn.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, tí a mọ̀ sí Code du numérique, ló ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ APDP ló sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń kà wá ní Párísì wà lábẹ́ òfin ti Yúróòpù. Ní oṣù kejì 2022, CNIL, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni ara ẹni ní Faransé, sọ pé bí ìkànnì kan ṣe ń fi Google Analytics kó ìsọfúnni òǹkàwé lọ sí Amẹ́ríkà kò bá òfin mu. Àdéhùn tuntun lórí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti 2023. Òfin wà tàbí kò sí, ti èmi ni pé ẹni tó wá ka oríkì ìdílé rẹ̀, tàbí tó wá wo ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wá síbi tó lọ́wọ̀. Kò tọ́ kí n fi kúkì, ìyẹn àmì kékeré tí ìkànnì ń fi sínú fóònù òǹkàwé láti fi dá a mọ̀, so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sọ́dọ̀ àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí kì í lo kúkì. Plausible wà, Umami wà, GoatCounter wà. Kóòdù wọn kò ju ìwọ̀nba KB lọ, wọn kì í sì béèrè pé kí òǹkàwé tẹ "mo gbà" kó tó wọlé. Owó oṣooṣù ni Plausible ń gbà, káàdì báńkì ni wọ́n sì sábà fi ń san án. Ìṣòro nìyẹn fún ọ̀dọ́ tí kò ní ju MoMo, owó orí fóònù, lọ, àyàfi tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí server ara ẹni. GoatCounter jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìkànnì kékeré. Òun ni mo mú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí irú wọn kò lè ṣe. Nítorí pé wọn kì í fi àmì sára òǹkàwé, wọn kì í dá a mọ̀ bó bá padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Plausible, fún àpẹẹrẹ, ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó fi ń mọ èèyàn ní gbogbo wákàtí 24. Ẹni tó wọlé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti di èèyàn méje. Bí ẹnì kan bá fi àpapọ̀ "òǹkàwé" oṣù kan hàn yín láti inú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í bó ṣe kà á. Mo fara mọ́ àdánù yìí tinútinú.

Matomo ni mo máa ń júwe fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tó ní ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú. Piwik ló ń jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ó di Matomo ní 2018. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí PHP àti MySQL tó wà lórí ọ̀pọ̀ hosting (ibi tí a ń háyà láti gbé ìkànnì sí) olówó pọ́ọ́kú, ìsọfúnni á sì wà lọ́wọ́ yín, kò ní lọ síbì kankan. Ó tún lè ka ìwé àkọsílẹ̀ server, kí ẹ má tilẹ̀ gbé kóòdù kankan sórí ojú ewé. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹ̀dà tuntun ń jáde, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé e wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olè á gba ibẹ̀ wọlé. Ní ti AWStats tó wà nínú cPanel, ojú ewé tí a fi ń ṣàkóso hosting, ó ń ya róbọ́ọ̀tì tó bá mọ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń díbọ́n bí èèyàn ṣì ń wọ inú iye rẹ̀. Iye tó ń gbé jáde máa ń ga, ó sì máa ń dùn ún wò. Ẹ má fi ṣe ìpinnu.

YouTube ló yàtọ̀ sí gbogbo wọn, òun ni mo sì ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù. Nínú YouTube Studio, fídíò kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan tó ń fi hàn, láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, iye àwọn tó ṣì ń wò ó. Ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀, ìlà á wálẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dá a padà láti tún wò, ìlà á gbéra sókè.

A gbé fídíò Ẹ̀fẹ̀ kan jáde, èyí tí a gbà sílẹ̀ lóru lójú agbo. Ẹ̀fẹ̀ kì í wọ agbo kó bẹ̀rẹ̀ orin àríwísí lọ́wọ́ kan. Ìjúbà ló ń kọ́kọ́ ṣe. Ó ń júbà òrìṣà, ó ń júbà àwọn tó ti lọ, ó ń júbà àwọn ìyá. Nínú fídíò tiwa, ìjúbà náà gùn, ohùn àgbà náà sì rọra ń bọ̀ lábẹ́ ìlù. Nígbà tí a ṣí ìlà yẹn wò, ó já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níbi ìjúbà. Ó tún rọra dúró nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó sì gbéra ní ibì kan tí a kò retí.

Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún fídíò ṣe, tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé ìjúbà yìí kúrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá." Lójú nọ́ńbà, òótọ́ ló sọ. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà káàkiri fún àwọn tó ń ṣe fídíò ni pé kí ohun tó dùn jù wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí kò júbà kì í ṣe Ẹ̀fẹ̀ mọ́, àgbà tó sì fún wa láyè láti gbà á sílẹ̀ kò ní gbà wá láyè lẹ́ẹ̀kejì bó bá rí i pé a gé ìbà rẹ̀ sọnù. Ìlà náà sọ ibi tí èèyàn ti lọ fún wa. Kò sọ ìdí tí wọ́n fi lọ, kò sì lè sọ ohun tó yẹ kí a ṣe.

A wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wò ó nítòsí. Ọ̀dọ́ tó pọ̀ nínú wọn ní àwọn ò gbọ́ ohun tí àgbà náà ń wí. Ọ̀rọ̀ ìjúbà jinlẹ̀, ó sì kún fún orúkọ. A kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ fídíò, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn bí ó ṣe ń sọ ọ́, a sì fi àlàyé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn fídíò tí a ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ìlà kò já bí ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ibi tí ìlà ti gbéra sókè ńkọ́? Ẹsẹ oríkì kan ni, níbi tí Ẹ̀fẹ̀ ti kí ìdílé kan. Àwọn ọmọ ìdílé náà ló ń dá a padà, tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ni mo mọ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn pè mí láti Gàbọ́ọ̀n.

Lórí Facebook, mi ò ní pẹ́. Ní 2016, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti ń sọ iye àsìkò tí àwọn èèyàn fi ń wo fídíò ju bó ṣe rí lọ, torí pé àwọn tí kò wò ó tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò sí nínú àwọn tí wọ́n fi pín àpapọ̀ àkókò náà. Ní 2019 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún àwọn olùpolówó tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Bí ẹni tó ń ta gàrí bá fi kóńgò tirẹ̀ wọ̀n ọ́n fún mi, mo lè rà á, ṣùgbọ́n màá tún un wọ̀n bí mo bá délé. Mo ń wo nọ́ńbà Facebook láti mọ èwo nínú ohun tí a gbé síbẹ̀ ló rìn ju èkejì lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

WhatsApp ni ilé gbogbo wa, òun náà ló sì ṣòro kà jù. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì wa láti inú WhatsApp, irinṣẹ́ kì í sábà mọ ibi tó ti wá. Wọ́n á kọ ọ́ pé ó wọlé tààrà, bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì náà. Ní 2012 ni akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, Alexis Madrigal, fún irú ìrìn abẹ́lẹ̀ yìí lórúkọ: dark social. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni àmì kékeré lẹ́yìn àdírẹ́sì. Èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ará Pobẹ̀ ní `?utm_source=pobe` lẹ́yìn, ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní tirẹ̀, ti àwọn tó wà ní Gàbọ́ọ̀n ní tirẹ̀. GoatCounter ń ka àmì yẹn láìmọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí èèyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ lè ka nǹkan ju ẹgbẹ́ ńlá tí ariwo pọ̀ níbẹ̀ lọ.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò ní àdírẹ́sì kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló ń rìn jù. Nígbà tí WhatsApp bá rí i pé wọ́n ti fi ohun kan ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ tó ìgbà márùn-ún, ó ń fi ọfà méjì sí i lórí. Bí ohùn wa bá padà tọ̀ wá wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tí ọfà méjì sì wà lórí rẹ̀, a mọ̀ pé ó ti jìnnà. Kò sí tábìlì, kò sí orílẹ̀-èdè. Ọfà méjì náà tó mi. Láti 2020 ni WhatsApp ti ní kí ohun tó bá ti ní ọfà méjì máa lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, nítorí irọ́ tó ń tàn kálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ti mọ ẹni tó fẹ́ fún dájú.

Nílé tiwa, fóònù kan kì í ṣe etí kan. Bí ohùn Ẹ̀fẹ̀ bá wọlé sórí fóònù ọmọ, yóò gbé e sítòsí ìyá bàbá rẹ̀, àwọn aya ilé á súnmọ́, àwọn ọmọ á dákẹ́. Irinṣẹ́ kò lè kà wọ́n láéláé. Ohun tí mo ń kà fún wọn ni àtúnṣe. Ẹnì kan ní Ìmẹ̀kọ yóò fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ fo ìlà kan, bàbá wa máa ń sọ ọ́ báyìí." Òmíràn yóò ní orúkọ yẹn kọ́, àbúrò ẹni tí a dárúkọ ni. Ìwé kan wà lọ́dọ̀ mi tí a ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, ìlú, ìdílé, ohun tí wọ́n tún ṣe. Ẹni tó lè sọ fún mi pé mo fo ìlà kan ti gbọ́ ìlà yòókù pẹ̀lú àkíyèsí. Bí wọ́n bá ní kí n jù gbogbo irinṣẹ́ nù kí n mú ọ̀kan, ìwé yẹn ni màá mú.

Nísinsìnyí, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, a máa ń jókòó, a ó wo Search Console fún ohun tí àwọn èèyàn ń wá, GoatCounter fún ojú ewé tí wọ́n kà àti ibi tí wọ́n ti wá, ìlà YouTube fún fídíò tuntun, a ó sì ka ìwé àtúnṣe sókè. Láti inú rẹ̀ la ti rí i pé àwọn ará Bràsíl ń wọlé, wọ́n sì ń ṣí oríkì Alákétu láìsí ọ̀rọ̀ Potogí kan ṣoṣo tó lè tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní Àjàṣẹ́, tó gbọ́ Potogí, ti gbà láti bá wa kọ ìfáàrà kúkúrú sórí ojú ewé náà. Yorùbá yóò wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà. A ó fi àmì tirẹ̀ sí àdírẹ́sì náà, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí wọn kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọdún tó ń bọ̀ tó dé.